Ta ni Márúwá tí kẹ̀kẹ́ wa ń jẹ́ orúkọ rẹ̀?

Ọmọ_Èbúté · 7:12 alẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé.

Lánàá ni mo wọ Márúwá láti Òyìngbò wọ inú Èbúté-Mẹ́tta. Àwa mẹ́ta la wà lẹ́yìn, ọmọ iléèwé kan sì há ara rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ dẹ́rẹ́bà. Ọmọ yìí kàn ṣàdédé bèèrè pé, "Bọ̀ọ̀dá, kí ni ìtumọ̀ Márúwá?" Dẹ́rẹ́bà ní èdè Hausa ni, pé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ló túmọ̀ sí. Màmá tó gbé agbọ̀n tòmátì lé ẹsẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní irọ́ ni, pé Yorùbá ni: "Máa-rù-wá ni wọ́n ní kó máa jẹ́. Ṣé kì í rù yín ni?" Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo délé tí mo sọ ọ́ fún bàbá mi, wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní, "Ènìyàn ni Márúwá. Ó ṣe gómìnà Èkó. Ìgbà tirẹ̀ ni wọ́n mú kẹ̀kẹ́ yìí wọlé." Ojú tì mí díẹ̀. Ọdún 1997 ni wọ́n bí mi, Èkó yìí náà sì ni. Ìgbà ọkùnrin náà gan-an ni wọ́n sọ mí lórúkọ.

Mo wá lọ kà nípa rẹ̀. Mohammed Buba Marwa lorúkọ rẹ̀. Ọdún 1953 ni wọ́n bí i ní Kaduna, ọmọ ìpínlẹ̀ Adamawa ni. Ó lọ sí iléèwé àwọn ológun ní Zaria, ó wọṣẹ́ sójà, ó ṣe gómìnà ológun ní Borno láti 1990 sí 1992, ó wá ṣe ti Èkó láti oṣù kẹjọ 1996 títí di 29 oṣù karùn-ún 1999. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n fi í ṣe aṣojú Nàìjíríà ní Gúúsù Áfíríkà. Ibẹ̀ gan-an ló ti rú mi lójú. Báwo ni gómìnà ṣe ń di aṣojú nílẹ̀ òkèèrè? Ṣé irú iṣẹ́ kan náà ni? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbọ́njú nígbà yẹn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ là á yé mi.

Sàámú_Akọkà · 7:15 alẹ́

"Máa-rù-wá" yẹn ti pa mí! Ohun tí n ó máa pè é láti òní lọ nìyẹn.

Bàbá_Fẹ́mi_Yábàá · 7:40 alẹ́

Ọmọ mi, o ṣeun tí o bèèrè. Akọ̀wé ìjọba ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì.

Ohun tí ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí kì í wò ni pé ọkùnrin yìí ti ń jẹ oúnjẹ òkèèrè kó tó dé Alausa, ibi tí ọ́fíìsì gómìnà Èkó wà. Ó ti ṣe igbákejì olùdámọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ ológun ní ọ́fíìsì wa ní Washington, ó sì ṣe olùdámọ̀ràn ológun ní ọ́fíìsì Nàìjíríà nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní New York. Ìwé tó kà ní Amẹ́ríkà náà, ní Pittsburgh àti ní Harvard, ọ̀rọ̀ ìṣàkóso ìlú àti ọ̀rọ̀ láàárín orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè ni. Ṣáájú ìyẹn, òun ni ADC, ìyẹn amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́, Ọ̀gágun Theophilus Danjuma nígbà tí Danjuma jẹ́ olórí àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀. Ẹ má fojú kéré iṣẹ́ ADC o. Ẹni tó ń dúró lẹ́yìn ọ̀gá ní gbogbo ìpàdé, etí rẹ̀ á kún, ẹnu rẹ̀ á sì mọ dídákẹ́. Ìdajì iṣẹ́ ambásádọ̀ nìyẹn.

Nítorí náà kì í ṣe pé wọ́n kàn já gómìnà kan gbà lójú títì tí wọ́n ní kó lọ ṣojú wa. Ipò gómìnà Èkó ló bọ́ sáàárín iṣẹ́ òkèèrè.

Òkò_Ọ̀rọ̀ · 7:58 alẹ́

Ẹ kú ìyìn o. Ẹ ń yìn ín bí ẹni pé a dìbò fún un.

Ta ló dìbò fún un ní Èkó? Abacha ló rán an wá. Abíọ́lá wà látìmọ́lé, àwọn ọmọ NADECO, ẹgbẹ́ tó ń bá ìjọba ológun jà, ń sá gba ẹnubodè kọjá lóru, ìwé ìròyìn tó bá sọ òótọ́, wọ́n á ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ pa. Ẹ wá jókòó ẹ ń sọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ àti Harvard. Èmi ò ní bá yín pàtẹ́wọ́.

Ìyá_Ìbejì_Balógun · 8:21 alẹ́

Òkò Ọ̀rọ̀, òótọ́ lo sọ, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí olè kò bá jà rí ló ń fẹnu fẹ́lẹ́ sọ ọ́ báyẹn.

Ní 1996, Múṣìn la wà, èmi àti bàbá àwọn ìbejì. Àwọn adigunjalè ń kọ lẹ́tà sí àdúgbò! Wọ́n á ní àwọn ń bọ̀ lọ́jọ́ báyìí, kí a ti sètò owó sílẹ̀. Àwọn ọkùnrin á fi táyà dá iná sí ojúlé kọ̀ọ̀kan, wọn ò ní sùn mọ́jú, iṣẹ́ á dúró dè wọ́n láàárọ̀. Èmi tí mò ń tajà ní Balógun, owó ọjà mi kì í wọ báàgì. Abẹ́ ìró ni, mo sì máa ń wọ ìró méjì. Ìgbà Márúwá ni Òpéréṣọ̀n Sweep rinlẹ̀ káàkiri Èkó, sójà àti ọlọ́pàá nínú ọkọ̀ kan náà, tọ̀sán tòru. Èmi ò mọ ọ̀rọ̀ ìṣèlú o, mo kàn mọ̀ pé àsìkò kan dé tí mo ń jáde ní aago márùn-ún ìdájí, tí àyà mi ò já mọ́.

Ẹ̀gbọ́n_Ṣómólú · 8:34 alẹ́

Mummy, ẹ jẹ́ kí n gbẹ́nu lé tèmi náà.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí ní 1997. Mo ń bọ̀ láti ilé ọ̀rẹ́ mi, aago mẹ́sàn-án alẹ́ ò tíì lù. Sójà kan, mi ò mọ ibi tó ti wá, mi ò sì rí orúkọ láyà rẹ̀, ó ní kí n dúró. Mo dúró. Ó ní kí ló dé tí mo dúró bẹ́ẹ̀ yẹn. Kí n tó dáhùn, ó ti gbá mi létí. Ó ní kí n máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́ láti ẹnu gẹ́ẹ̀tì kan dé òpó iná. Òpó yẹn ṣì wà níbẹ̀ títí dòní. Mo máa ń kọjá lára rẹ̀.

Ẹ̀yin sùn dáadáa, mo bá yín yọ̀. Etí mi ni kò sùn lọ́jọ́ yẹn.

Ìyá_Ìbejì_Balógun · 8:37 alẹ́

Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Èyí ò dáa rárá.

Rẹwáyà_Ládípọ̀ · 8:50 alẹ́

Ẹ jẹ́ kí n dá sí ti kẹ̀kẹ́ ní tèmi, nítorí òun ni mò ń jẹ.

1998 ni mo wọṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá mi, ọ̀kadà là ń tún ṣe. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ti Márúwá wá sí ṣọ́ọ̀bù, àwa ọmọṣẹ́ pagbo yí i ká bí ẹni ń wo ìyàwó tuntun. A wo iwájú, a ò rí ẹ́ńjìnì. A wo abẹ́ ìjókòó dẹ́rẹ́bà, kò sí níbẹ̀. Ọ̀gá mi ṣáà ń fi ọwọ́ gírísì họ orí. Ìgbà tó yá ni ẹni tó tì í wá ní, "Ẹ bọ́ sẹ́yìn." Ẹ̀yìn, lábẹ́ ibi tí èrò ń jókòó sí, ibẹ̀ ni ẹ́ńjìnì wà! Ìdí nìyẹn tí ooru fi ń ta yín nídìí tí ẹ bá pẹ́ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ.

Kò sí bọ́tìnnì tí wọ́n ń tẹ̀ nígbà yẹn. Irin gígùn kan wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ dẹ́rẹ́bà, á bẹ̀rẹ̀, á fà á sókè gìdì, bí ẹni ń fa iṣu tu. Pẹtiróòlù rẹ̀, àfi kí o da ẹ́ńjìnì ọ́ìlì pọ̀ mọ́ ọn. Bó o bá da ọ́ìlì jù, èéfín á gba gbogbo àdúgbò. Bó ò bá dà á tó, písítìn á gan, oníkẹ̀kẹ́ á sì wá ní ìwọ lo bà á jẹ́. Àwọn Bajaj àti TVS tó kún ìta báyìí kò gba àdàpọ̀ mọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ohun kan tún wà tí àwọn ènìyàn ń pa pọ̀. Kẹ̀kẹ́ NAPEP dé lẹ́yìn rẹ̀. Ìgbà Ọbásanjọ́ ni, NAPEP ni ètò tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 2001 láti gbógun ti ìṣẹ́, wọ́n sì pín kẹ̀kẹ́ káàkiri. Kẹ́ ẹ bá lọ sí ìlú mìíràn, NAPEP ni wọ́n ń pè é. Èkó ló kọ́kọ́ gùn ún, Èkó ò sì yí orúkọ tirẹ̀ padà. Irú ẹ̀ ti wà ní India, Indonesia àti Thailand látayébáyé, kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni ló hùmọ̀ ọn níbí.

Sàámú_Akọkà · 9:03 alẹ́

Ẹ dúró ná, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ro nǹkan kan. Ọ̀kadà gba orúkọ lára Okada Air, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Olóyè Gabriel Igbinedion. Marwa náà, nígbà tó kúrò nínú iṣẹ́ ológun, ó dá ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú sílẹ̀, Albarka Airlines. Àwọn bààlú méjèèjì ti kógbá sílé tipẹ́. Ọ̀kadà ṣì ń rìn, Márúwá ṣì ń rìn.

Àwọn méjì ni wọ́n fẹ́ gbé wa lọ sójú ọ̀run. Àwa la so orúkọ wọn mọ́lẹ̀ẹ́lẹ̀.

Rẹwáyà_Ládípọ̀ · 9:05 alẹ́

Sàámú, ìwọ yìí ò ní pa wá o 😂

Kọ́lá_Lẹ́kkí · 9:16 alẹ́

Ṣé Márúwá yìí náà ló ni bọ́sítọ́ọ̀pù Marwa tiwa ní Lẹ́kkí, àti Marwa Gardens ní Alausa? Mo ti ń gbé síbí fún ọdún méje, mi ò bi ara mi léèrè rí. Ẹnì kan tiẹ̀ sọ fún mi pé Marwa yẹn ni ó dá ìjà ẹ̀sìn sílẹ̀ ní Kano nígbà kan.

Tíṣà_Ìtàn · 9:44 alẹ́

Áà, Kọ́lá, ẹni tó sọ ọ́ fún ẹ ṣìnà gidi! Muhammadu Marwa tí wọ́n ń pè ní Maitatsine nìyẹn. Cameroon ló ti wá, ìlú kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Maroua. Inú rògbòdìyàn Kano ní oṣù kejìlá 1980 ló kú sí. Nígbà yẹn, ọ̀dọ́ ọ̀gá sójà ni Buba Marwa. Orúkọ ló papọ̀, ọ̀rọ̀ wọn ò papọ̀ rárá.

Ìsàlẹ̀ Èkó ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn, ìbéèrè Ọmọ Èbúté sì wù mí. O kọ "aṣojú", ṣùgbọ́n orúkọ ipò yẹn gan-an ni High Commissioner. Àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú Commonwealth, ẹgbẹ́ àwọn tí ọ̀pọ̀ wọn ti wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì rí, kì í pe ẹni tí wọ́n bá rán sí ara wọn ní ambásádọ̀. Bí wọ́n bá rán ọ lọ sí London tàbí Accra tàbí Pretoria ní Gúúsù Áfíríkà, High Commissioner ni ọ́. Bí ó bá jẹ́ Cotonou tàbí Washington, ambásádọ̀ ni ọ́. Iṣẹ́ ò yàtọ̀.

Ẹ wá wo bí ayé ṣe ń yí. 10 oṣù kọkànlá 1995 ni ìjọba Abacha yẹgi fún Ken Saro-Wiwa, òǹkọ̀wé tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn ará Ogoni, àti àwọn mẹ́jọ mìíràn. Àwọn olórí Commonwealth ń pàdé lọ́wọ́ ní Auckland, ní New Zealand, Mandela sì wà níbẹ̀. Ọjọ́ kejì ni wọ́n jáwèé gbélé-ẹ fún Nàìjíríà, Mandela sì wà lára àwọn tí ọ̀rọ̀ náà dùn jù lọ. Gbogbo àsìkò tí Marwa fi wà ní Èkó, ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn Commonwealth la wà. Ọjọ́ wo ni wọ́n ṣílẹ̀kùn fún wa padà? 29 oṣù karùn-ún 1999, ọjọ́ tí Marwa gbé Èkó lé Bọ́lá Tinúbú lọ́wọ́ gan-an. Nígbà tó wá di 2007, Ààrẹ Yar'Adua rán ọkùnrin tó ṣe gómìnà lábẹ́ Abacha lọ sí ìlú Mandela, pẹ̀lú oyè tó jẹ́ pé Commonwealth nìkan ló ń lò ó.

Bí mo bá sọ èyí fún àwọn ọmọ kíláàsì mi, wọ́n á ní mo kó ìtàn jọ ni.

Òkò_Ọ̀rọ̀ · 9:52 alẹ́

Tíṣà, èyí dùn. Mi ò tíì pàtẹ́wọ́ o, ṣùgbọ́n ó dùn.

Bàbá_Fẹ́mi_Yábàá · 10:10 alẹ́

Tíṣà, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí n fi ìyọ̀ sí i.

Ẹni tó jẹ́ ààrẹ Gúúsù Áfíríkà nígbà tí Marwa débẹ̀, Thabo Mbeki, ti gbé Èkó yìí rí. Òun ni ANC, ẹgbẹ́ Mandela, fi ṣojú wọn níbí ní nǹkan bí 1977. Ọdún yẹn náà ni wọ́n ṣe ìpàdé àgbáyé lórí ọ̀rọ̀ apartheid, ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà Gúúsù Áfíríkà, ní Èkó, nínú oṣù kẹjọ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ ni. Wọ́n ń yọ díẹ̀ nínú owó oṣù wa fún owó ìrànwọ́ àwọn ará ibẹ̀. Inú ìwé owó oṣù ni mo ti rí i. Mo bi ọ̀gá mi léèrè, wọ́n ní ti Mandela ni. Mo ṣírò rẹ̀, owó ọkọ̀ ọjọ́ mélòó kan ni. Mi ò ráhùn, ẹnikẹ́ni ò ráhùn. A gbà pé ìjà wa náà ni.

Nítorí náà ìlú tí wọ́n rán ọkùnrin yìí lọ, kì í ṣe ìlú àjèjì sí wa.

Àdùkẹ́_Jòbọ̀ · 10:48 alẹ́

Bàbá, ibi tẹ́ ẹ dé yẹn, ó kàn mí lára.

Súrùlérè ni mo wà báyìí, ṣùgbọ́n ní 2008 Johannesburg ni mo ń gbé, ní Yeoville. Mo ń ṣe irun. Inú oṣù karùn-ún ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Alexandra. Wọ́n ní àwọn àlejò ń gbaṣẹ́ wọn, wọ́n ń lé ènìyàn, wọ́n ń dáná sun ilé. Kó tó rọlẹ̀, ènìyàn 62 ló kú. Àwọn ará Zimbabwe àti Mozambique ló jìyà jù, kódà àwọn ọmọ onílẹ̀ kan tí ahọ́n wọn yàtọ̀ bá a lọ.

Ẹ mọ ohun tí wọ́n fi ń dán ènìyàn wò? Wọ́n á tọ́ka sí ìgúnpá, wọ́n á ní kí o pè é ní Zulu. Indololwane. Kò sí ẹni tó ń kọ́ àlejò ní orúkọ ìgúnpá! Ẹ lè gbé ibẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, kẹ́ ẹ mọ búrẹ́dì, kẹ́ ẹ mọ owó, kẹ́ ẹ mọ ẹ ṣeun, ẹ ò ní nílò ìgúnpá. Ìyá Zulu tó ń gbé lókè wa ló ti ìlẹ̀kùn mọ́ èmi àti àwọn ọmọbìnrin méjì tó ń bá mi ṣiṣẹ́, tó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, tó ní kí a máa pè é títí ẹnu wa fi là. In-do-lo-lwa-ne. Mo ń dirun lónìí, tí ìgúnpá mi bá kan oníbàárà, ọ̀rọ̀ yẹn ló ń wá sí mi lẹ́nu. Ọjọ́ mẹ́ta ni mi ò ṣí ṣọ́ọ̀bù.

Èmi náà bínú nígbà yẹn. Mo ní, kí ni aṣojú wa ń ṣe? Ṣé kì í ṣe sójà ni? Ṣé kì í ṣe òun ló lé olè ní Èkó? Ọkọ mi ló là mí lóye. Ó ní, "Àdùkẹ́, ní Alausa, tó bá ní kí kẹ̀kẹ́ wá, kẹ̀kẹ́ á wá. Ní Pretoria, lẹ́tà ni yóò kọ." Ọlọ́pàá ìlú yẹn kì í ṣe tirẹ̀. Sójà ìlú yẹn kì í ṣe tirẹ̀. Òfin àgbáyé tiẹ̀ ní kò gbọdọ̀ tọwọ́ bọ ọ̀rọ̀ abẹ́lé wọn. Ohun tó lè ṣe ni kó lọ jókòó, kó sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́, kó tún padà lọ jókòó. Àwọn tó wà lẹ́wọ̀n, kó béèrè wọn. Àwọn tó kú, kí wọ́n ríwèé gbé òkú wọn wálé. Ìwé ìrìnnà tó sọnù. Iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò ní fi sọ kẹ̀kẹ́ lórúkọ ẹ nìyẹn.

Ọmọ_Èbúté · 10:55 alẹ́

Àǹtí Àdùkẹ́, mo ti ka èyí lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ kú orí ire. Ìdáhùn ìbéèrè mi gan-an lẹ sọ yìí.

Òkò_Ọ̀rọ̀ · 11:07 alẹ́

Ó dáa, mo pàtẹ́wọ́ fún Àdùkẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n parí tèmi.

Sójà kì í bẹ̀bẹ̀. Wọ́n rán an lọ síbi tó ti ní láti máa bẹ̀bẹ̀, ó lọ. Ìgbà tó wá dé, ó wá bẹ àwa ará ìlú. Ó jáde fún gómìnà Adamawa lábẹ́ ẹgbẹ́ CPC. Murtala Nyako ló wọlé. Orúkọ ẹ wà lẹ́nu gbogbo Èkó láti Badagry dé Ẹ̀pẹ́, àwọn ọmọ tí wọn ò tíì bí nígbà yẹn ń pè é lójoojúmọ́, kò sì rí ìbò tó pọ̀ tó nílé. Ìpínlẹ̀ méjì ló ti jẹ gómìnà, kò sí èyí tí a fi ìka tẹ̀ ẹ́ sípò. Mi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́ o. Mo kàn ń rò ó ni.

Tíṣà_Ìtàn · 11:20 alẹ́

Òkò Ọ̀rọ̀, ẹ̀rí wà tó gbè ọ́ lẹ́sẹ̀.

Àwa Yorùbá náà ní irú ẹ̀. Ọ̀gágun Olúwọlé Rótìmí, King's College tó wà níhìn-ín ní Erékùṣù Èkó ló ti kàwé kó tó lọ sí Ìbàdàn. Ó ṣe gómìnà Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn láti 1971 sí 1975. Nígbà tí Murtala Muhammed gbàjọba tó ní kí wọ́n yẹ àwọn gómìnà ìgbà Gowon wò, àwọn méjì péré ni wọn ò rí ẹ̀sùn kà sí lọ́rùn: òun àti Mobọ́lájí Johnson ti Èkó. Ọmọ Èbúté, Johnson yẹn ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ibùdókọ̀ ojú irin tuntun àdúgbò yín.

Wọ́n wá fi Rótìmí ṣe ambásádọ̀ ní Amẹ́ríkà lábẹ́ Yar'Adua, àkókò kan náà tí Marwa wà ní Pretoria. Gbólóhùn asọ̀ bẹ́ sílẹ̀ láàárín òun àti Ojo Maduekwe, mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè, lórí ìwé tó kọ sí i. Ní 2009 wọ́n pè é padà wálé. Gómìnà rere ni, ọwọ́ rẹ̀ mọ́, síbẹ̀ ibi tí wọ́n ti ń fi ohùn jẹ́jẹ́ ṣiṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló wà lókè ní Ìbàdàn nígbà kan. Ní Washington, mínísítà ló wà lókè.

Bàbá_Fẹ́mi_Yábàá · 11:31 alẹ́

Ọ̀rọ̀ Rótìmí dùn mí nígbà yẹn. Ẹ jẹ́ ká fi síbẹ̀.

Kọ́lá_Lẹ́kkí · 6:48 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀. Mo sùn lọ lórí fóònù, ẹ ti sọ gbogbo ẹ̀ tán.

Níbo ló wà báyìí?

Ìyá_Ìbejì_Balógun · 7:05 àárọ̀

Kọ́lá, o ò gbọ́ ròyìn ni? Òun ni olórí NDLEA, àwọn tó ń mú olóògùn olóró. Oṣù kìíní 2021 ni wọ́n gbé e síbẹ̀. Ṣé o rántí kokéènì tí wọ́n bá nínú ilé kan ní Ìkòròdú ní oṣù kẹsàn-án 2022? Tọ́ọ̀nù kan àti ààbọ̀ lé díẹ̀, wọ́n ní 1.8 ni, nínú ẹ́sítéètì tí àwọn ènìyàn ń gbé jẹ́ẹ́jẹ́! Ìgbà tirẹ̀ ni. Ọmọ àbúrò mi kan ti fi ìdọ̀tí yìí ba ayé ara rẹ̀ jẹ́, nítorí náà tí mo bá gbọ́ pé wọ́n mú ẹnì kan, mo máa ń dìde dúró níwájú tẹlifíṣọ̀n.

Ẹ̀gbọ́n_Ṣómólú · 7:20 àárọ̀

Ìyẹn iṣẹ́ àṣẹ náà nìyẹn. Ó ti padà síbi tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Rẹwáyà_Ládípọ̀ · 7:33 àárọ̀

Kẹ̀kẹ́ tó fi sílẹ̀ náà ń rí àṣẹ. Láti oṣù kejì 2020 tí wọ́n ti ní kí ọ̀kadà àti Márúwá kúrò láwọn ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, títí kan Súrùlérè, Ìkẹjà àti Erékùṣù Èkó, inú kọ̀rọ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń rìn. Wọ́n á yọjú sí títì ńlá, wọ́n á rí aṣọ kan, wọ́n á sá padà. Gómìnà kan mú un wọlé, gómìnà mìíràn ní kó sún sẹ́yìn. Èmi ṣáà ń tún un ṣe.

Ọmọ_Èbúté · 6:02 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀yin ará, ẹ gbọ́ o. Mo tún bá dẹ́rẹ́bà ìjẹta pàdé ní Òyìngbò ní ìrọ̀lẹ́ yìí! Mo dá a mọ̀ nítorí pé ó fi aṣọ ìnura pupa dí ibi tí táàpólì rẹ̀ ti ya. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, Márúwá kì í ṣe ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta o. Ènìyàn ni. Sójà ni, ó ṣe gómìnà wa, ó sì lọ ṣojú Nàìjíríà ní Gúúsù Áfíríkà."

Ó yí rédíò rẹ̀ sílẹ̀. "Èyí tó wà ní NDLEA yẹn?"

Mo ní, "Òun náà ni."

Ó fọwọ́ pa orí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ronú díẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, ṣé òun fúnra ẹ̀ ti wọ̀ ọ́ rí? Bíi kó jókòó sáàárín, lẹ́yìn níbí, kí ẹni méjì fún un?"

Mo ní mi ò lè sọ.

Ó rẹ́rìn-ín, ó tún yí rédíò rẹ̀ sókè. "Ẹ wọlé, ẹ mú ṣéńjì yín lọ́wọ́ o. Ẹnì kan ló kù! Ẹnì kan lẹ́yìn!"